Irinṣẹ́ Tó Ń Ṣí Dátà Sílẹ̀ fún Aráàlú

Ilé iṣẹ́ wo ni kì í kó dátà jọ lóde òní? Ilé ìwòsàn ń kọ orúkọ aláìsàn àti oògùn tí wọ́n fún un. Ilé ìwé ń kọ máàkì. Báńkì ń kọ owó tó wọlé àti èyí tó jáde. Ìjọba ń kọ iye tó ná lórí ọ̀nà, lórí omi ẹ̀rọ àti lórí owó oṣù òṣìṣẹ́. Inú dátábéèsì ni gbogbo rẹ̀ ń wọ̀ sí. Ṣùgbọ́n àwọn tó lè bi dátábéèsì ní ìbéèrè kéré jọjọ sí àwọn tí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kàn. Akọ̀ròyìn tó fẹ́ mọ iye tí wọ́n fi ṣe afárá kan, tàbí olùkọ́ tó fẹ́ mọ iṣẹ́ tí àwọn ọmọ ti ń fìdí rẹmi jù, ní láti bẹ ẹni tó mọ kọ̀ǹpútà, kí ó sì dúró títí àyè yóò fi yọ fún un. Nígbà míì, kí ìdáhùn tó dé, ọ̀rọ̀ ti tutù.

Àwọn kan wà tí wọ́n ti fi ọ̀pọ̀ ọdún làkàkà kí ìdènà yìí lè kúrò. Wọ́n ń kọ irinṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni lè fi wo inú dátábéèsì, wọ́n sì ń gbé e jáde lọ́fẹ̀ẹ́ pẹ̀lú gbogbo kóòdù rẹ̀. Irú sọ́fítíwià bẹ́ẹ̀ ni à ń pè ní open source: ẹnikẹ́ni lè lò ó, ó lè ka bí wọ́n ṣe kọ ọ́, ó lè tún un ṣe, ó sì lè pín in fún ẹlòmíì. Mo fẹ́ ṣàlàyé bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ láti ìpìlẹ̀, nítorí ohun kan dá mi lójú: kíkọ kóòdù nìkan kò tó láti sọ irinṣẹ́ di ti aráyé. Ìtọ́jú tí a fi gbé e jáde, àti ìtọ́jú tí a ń fún un lẹ́yìn tó ti jáde, ló ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ibi tí dátábéèsì ti ṣẹ̀ wá

Ní ọdún 1970, Edgar Codd, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣiṣẹ́ fún IBM ní ìlú San Jose ní California, kọ àpilẹ̀kọ kan tó yí ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà ń gbà tọ́jú dátà padà. Ó ní kí a to dátà sínú àtẹ, kí àtẹ kọ̀ọ̀kan ní ìlà àti òpó, kí ẹni tó ń béèrè nǹkan má sì ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ibi tí kọ̀ǹpútà kó o sí. Ní 1974, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì ní IBM, Donald Chamberlin àti Raymond Boyce, gbé èdè ìbéèrè kan jáde fún irú àtẹ bẹ́ẹ̀. Èdè náà ni gbogbo ayé mọ̀ sí SQL lónìí. Ẹni tó bá gbọ́ SQL lè pàṣẹ fún dátábéèsì pé: mú gbogbo ilé ìwé tó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ yìí wá, ka iye ọmọ tó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí o sì fi èyí tó pọ̀ jù ṣáájú. Ìlà mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni yóò kọ, ìdáhùn yóò sì jáde lójú ẹsẹ̀.

Fún ìgbà pípẹ́, dátábéèsì jẹ́ nǹkan ńlá tó ń fẹ́ sáfà tirẹ̀, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń dá àwọn kọ̀ǹpútà mìíràn lóhùn, àti òṣìṣẹ́ tí yóò máa bójú tó o. D. Richard Hipp, ará Amẹ́ríkà, ló tú ìdè yẹn. Ó ń ṣiṣẹ́ lórí sọ́fítíwià fún ọkọ̀ ogun ojú omi Amẹ́ríkà nígbà náà, ó sì rí i pé bí sáfà dátábéèsì bá ti dákú, sọ́fítíwià náà kò lè ṣe ohunkóhun mọ́. Ó wá rò ó pé kí ló dé tí dátà kò fi lè wà nínú fáìlì kan ṣoṣo, kí sọ́fítíwià máa kà á fúnra rẹ̀ láìsí sáfà kankan láàárín. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2000, ó gbé SQLite jáde. Kò fi í ṣe ohun ìní ara rẹ̀, ó yọ̀ǹda rẹ̀ pátápátá fún aráyé. Lónìí, SQLite wà nínú gbogbo fóònù Android àti iPhone, bẹ́ẹ̀ ẹni tó ń lò ó lójoojúmọ́ lè má tíì gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Library of Congress, ilé ìkówèésí àgbà ti Amẹ́ríkà, kà á mọ́ irú fáìlì tí wọ́n dámọ̀ràn fún títọ́jú dátà kí ó lè pẹ́. Àwọn tó ń ṣe é sì ti ní àwọn pinnu láti máa tọ́jú rẹ̀ títí di ọdún 2050.

Láti ilé iṣẹ́ ìròyìn

Dátábéèsì odindi nínú fáìlì kan ṣoṣo: ohun tó ṣí ọ̀nà fún irinṣẹ́ tí mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ nìyẹn. Datasette ni orúkọ rẹ̀. Simon Willison, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló kọ ọ́, ìtàn ẹni náà sì jẹ́ ká mọ ìdí tó fi kọ ọ́. Ní 2003, òun àti Adrian Holovaty ń ṣiṣẹ́ fún ìwé ìròyìn kan ní ìlú Lawrence ní ìpínlẹ̀ Kansas ní Amẹ́ríkà. Wọ́n nílò ohun tí yóò mú kí wọ́n lè kọ́ ìkànnì kíákíá, nítorí ìròyìn kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ohun tí wọ́n kọ níbẹ̀ di Django, tó jáde fún gbogbo ayé ní 2005, tí ọ̀pọ̀ ìkànnì ṣì ń lò títí dòní.

Ní 2009, Willison wà ní ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn Guardian ní London. Ọdún náà ni ọ̀rọ̀ owó ìnáwó àwọn ọmọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá awuyewuye sílẹ̀. Nígbà tí ilé ìgbìmọ̀ náà gbé ìwé ẹ̀rí ìnáwó jáde, ojú ìwé rẹ̀ lé ní 450,000. Akọ̀ròyìn mélòó ni yóò ka ìyẹn tán? Láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan, Willison kọ́ ìkànnì kan tó pín àwọn ojú ìwé náà fún àwọn òǹkàwé, kí olúkúlùkù yẹ díẹ̀ wò, kí ó sì sọ èyí tó yẹ kí akọ̀ròyìn tún wádìí. Àwọn tó dá sí i lé ní 20,000. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Lọ́dún yẹn kan náà, ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn yìí bẹ̀rẹ̀ sí gbé dátà tó wà nídìí ìròyìn wọn síta kí òǹkàwé lè wò ó fúnra rẹ̀. Àtẹ tí ènìyàn lè gbà sórí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń gbé jáde. Ìyẹn dára, àmọ́ ó kù síbì kan: òǹkàwé tí kò mọ bí a ṣe ń tú àtẹ wò kò lè rí nǹkan mú nínú rẹ̀. Èrò pé ó yẹ kí ọ̀nà tó sàn ju èyí wà kò kúrò lọ́kàn Willison. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2017, ó gbé ẹ̀dà àkọ́kọ́ Datasette jáde.

Ohun tí Datasette ń ṣe kò ṣòro láti ṣàlàyé. Ènìyàn yóò gbé fáìlì SQLite fún un, òun yóò sì sọ fáìlì náà di ìkànnì. Àtẹ kọ̀ọ̀kan yóò ní ojú ìwé tirẹ̀, tí a ti pín ìlà rẹ̀ sí 100-100 kí ó má baà wọni lójú. Bí òpó kan bá jẹ́ ti ìpínlẹ̀, Datasette lè ka iye ìlà tó wà lábẹ́ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ènìyàn kàn tẹ Ọ̀yọ́ tàbí Ògùn láti rí tibẹ̀ nìkan. Ẹni tó bá gbọ́ SQL yóò rí àyè kọ ìbéèrè tirẹ̀. Ìbéèrè kọ̀ọ̀kan tún ní líǹkì tirẹ̀. Èyí ni mo kà sí pàtàkì jù, nítorí bí akọ̀ròyìn bá kọ ọ́ pé iye báyìí ni wọ́n ná, ó lè fi líǹkì sí i kí òǹkàwé lọ wo ìbéèrè tó bí ìdáhùn náà. Kò di pé kí a kàn gbà á gbọ́ mọ́, gbogbo wa lè fojú ara wa rí i.

Ìpinnu tí a kì í fi ṣeré

Ẹni tó bá ń kọ irú irinṣẹ́ báyìí yóò ṣe àwọn ìpinnu kan kí ó tó kọ kóòdù jìnnà. Àkọ́kọ́ ni ti ààbò. Ó léwu kí àlejò máa kọ SQL sí dátábéèsì ẹni, nítorí èdè tí a fi ń béèrè náà la fi ń parẹ́. Ohun tí Datasette ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ ni pé kíkà nìkan ló fi àyè gbà. Ẹnikẹ́ni lè béèrè ohun tó wù ú, àmọ́ ìbéèrè rẹ̀ kò lè yí nǹkan kan padà. Ìpinnu yìí mú àǹfààní mìíràn wá: bí dátà kò bá ní yí padà, a lè gbé òun àti sọ́fítíwià náà pọ̀ sórí sáfà olówó pọ́ọ́kú, bí sáfà náà bá bàjẹ́, a ó gbé ẹ̀dà mìíràn síbòmíràn, nǹkan kan kò sì ní sọnù.

Èkejì ni ti àkókò. Ìbéèrè kan ṣoṣo tí kò mọ́gbọ́n dání lè gba gbogbo agbára sáfà, kí àwọn yòókù máa wò. Nítorí náà, bí ẹni tó ni ìkànnì kò bá yí i padà, Datasette yóò já ìbéèrè tó bá ti kọjá ìṣẹ́jú àáyá kan, kò sì ní kó ju ìlà 1,000 jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ẹ̀kẹta ni ti ohun tí àlejò ń tẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù. Láti ọjọ́ tó ti pẹ́ ni àwọn ọ̀daràn ti máa ń kọ àṣẹ SQL sí ibi tó yẹ kí wọ́n kọ orúkọ sí, tí dátábéèsì yóò sì ṣe ohun tí wọ́n wí. Oògùn rẹ̀ ni kí a ya ọ̀rọ̀ àlejò sọ́tọ̀ kúrò lára àṣẹ, kí dátábéèsì mọ̀ pé orúkọ lásán ni èyí. Irinṣẹ́ tí kò bá ṣe èyí kò tíì yẹ ní ohun tí à ń gbé jáde fún aráyé.

Bí a ṣe ń gbé e jáde

Ọ̀pọ̀ ló rò pé bí kóòdù bá ti wà lórí GitHub, ìkànnì tí àwọn tó ń kọ kóòdù ń kó iṣẹ́ wọn sí, ó ti di open source nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Láísẹ́ǹsì ló ń sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀, ìyẹn ìwé tó sọ ohun tí aráyé lè fi kóòdù náà ṣe. Níbi tí kò bá sí láísẹ́ǹsì, òfin gbà pé ẹni tó kọ ọ́ ló ni gbogbo ẹ̀tọ́ rẹ̀. Kóòdù tí kò ní láísẹ́ǹsì dà bí ilẹ̀ tí kò ní ìwé: ènìyàn lè máa rìn kọjá lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n ọlọ́gbọ́n kan kò ní kọ́lé síbẹ̀. Oríṣiríṣi láísẹ́ǹsì ló wà. phpMyAdmin, tó ti ń ran àwọn tó ń lo dátábéèsì MySQL lọ́wọ́ láti 1998, wà lábẹ́ GPL, tó ní ẹni tó bá tún un ṣe tó sì pín in gbọ́dọ̀ fi kóòdù tirẹ̀ náà sílẹ̀. Apache 2.0 ni ti Datasette, òun kò fi dandan yẹn lélẹ̀.

Lẹ́yìn láísẹ́ǹsì ni àyẹ̀wò. Kóòdù kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kí ó yẹ kóòdù mìíràn wò lọ, kí ó sì ké gbàjarè bí nǹkan bá bàjẹ́. Ti SQLite ga lọ́lá: kóòdù àyẹ̀wò rẹ̀ lé ní ìlọ́po 500 kóòdù tó ń ṣiṣẹ́ gan-an. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi lè gbé e sínú ọkọ̀ òfuurufú àti fóònù láìbẹ̀rù.

Lẹ́yìn náà ni ìwé àlàyé. Irinṣẹ́ tí kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n lò yàtọ̀ sí ẹni tó ṣe é kò tíì jáde. Willison ní ìlànà kan tí mo gbà pé ó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń kọ kóòdù kọ́: bí ó bá fẹ́ fi nǹkan tuntun kún Datasette, kóòdù, àyẹ̀wò rẹ̀, ìwé àlàyé rẹ̀ àti líǹkì sí ibi tí wọ́n ti kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀ ni yóò jọ wọlé pa pọ̀. Ó tiẹ̀ kọ àyẹ̀wò kan tí kò ní jẹ́ kí iṣẹ́ yege bí ibi kan nínú sọ́fítíwià náà tí ẹlòmíì lè so mọ́ kò bá sí nínú ìwé àlàyé. Ẹni tó bá padà wá sídìí iṣẹ́ náà lẹ́yìn ọdún méjì yóò mọ ohun tí wọ́n ṣe, yóò sì mọ ìdí tí wọ́n fi ṣe é.

Nọ́ńbà ẹ̀dà náà jẹ́ ìlérí. Ká ní ẹ̀dà kan ń jẹ́ 1.4.2. Bí 2 bá di 3, àṣìṣe ni wọ́n tún ṣe. Bí 4 bá di 5, ohun tuntun ti wọlé, ṣùgbọ́n ohun tí ènìyàn ń lò tẹ́lẹ̀ kò ní bàjẹ́. Bí 1 bá di 2, kí oníkálùkù rọra ka ìwé ìkéde kí ó tó gbé e, nítorí nǹkan kan ti yí padà tó lè da iṣẹ́ rẹ̀ rú. Ẹni tó bá ń da ìlérí yìí kò ní pẹ́ pàdánù àwọn tó gbọ́kàn lé e.

Ní ìkẹyìn, ó gbọ́dọ̀ rọrùn láti gbà. Datasette wà lórí PyPI, ibi tí àwọn tó ń lo èdè Python ti ń gba irinṣẹ́. Ìlà kan ṣoṣo, `pip install datasette`, ti tó. Kọ̀ǹpútà ló ń ṣe iṣẹ́ ìgbéjáde náà: bí wọ́n bá ti kéde ẹ̀dà tuntun, gbogbo àyẹ̀wò yóò kọ́kọ́ lọ, bí wọ́n bá yege ni ẹ̀dà náà yóò tó dé PyPI. Níbi tí ìgbéjáde bá ti rọrùn báyìí, a lè máa gbé díẹ̀díẹ̀ jáde léraléra, bí àṣìṣe bá sì wà, kò ní ṣòro láti mọ ẹ̀dà tó bá a wọlé.

Ẹnu ọ̀nà fún ẹlòmíì

Ẹnì kan kò lè mọ gbogbo ohun tí aráyé yóò fẹ́. Ní 2018, Willison ṣí ẹnu ọ̀nà sílẹ̀ fún plugin nínú Datasette, ìyẹn àfikún tí ẹnikẹ́ni lè kọ fúnra rẹ̀ láìtọrọ àyè. Ọ̀kan lára wọn ń jẹ́ datasette-cluster-map: bí àtẹ kan bá ti ní òpó tó ń sọ ibi tí nǹkan wà lórí ilẹ̀ ayé, yóò ya máàpù sórí ojú ìwé náà fúnra rẹ̀. Iye àwọn plugin náà ti lé ní 100 báyìí. Datasette fúnra rẹ̀ kò tìtorí ìyẹn wúwo, nítorí ohun tí oníkálùkù nílò nìkan ni yóò fi kún un.

Ti SQLite yàtọ̀. Kóòdù rẹ̀ wà ní gbangba, àmọ́ àwọn tó ń ṣe é kì í sábà gba kóòdù lọ́wọ́ ará ìta, kí ẹ̀tọ́ ẹnikẹ́ni má baà há sínú ohun tí wọ́n ti fún aráyé. Ọ̀nà méjèèjì ló tọ́. Ohun tó ṣe pàtàkì ni kí ẹni tó ń ṣe irinṣẹ́ sọ èyí tó yàn síta, kí ó sì dúró tì í.

Ẹni tó ń tọ́jú irinṣẹ́

Iṣẹ́ ìtọ́jú irinṣẹ́ máa ń rẹ ènìyàn. Ní oṣù kẹta ọdún 2024, Andres Freund, ọ̀kan lára àwọn tó ń kọ dátábéèsì PostgreSQL, ṣàkíyèsí pé kọ̀ǹpútà tó fi ń ṣe àyẹ̀wò ń pẹ́ díẹ̀ kó tó jẹ́ kí òun wọlé, ìdajì ìṣẹ́jú àáyá péré. Kò fojú fò ó. Nígbà tó wá ìdí rẹ̀ dé ìsàlẹ̀, ó rí i pé ẹnì kan ti fi ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tí ọ̀daràn lè gbà wọlé sínú xz, irinṣẹ́ kékeré kan tó wà lórí àìmọye sáfà. Ẹni tó ń tọ́jú xz tẹ́lẹ̀ ló ń dá ṣe é, iṣẹ́ ti sú u, àlejò kan tó ń fi ara hàn bí olùrànlọ́wọ́ fún ọdún méjì ló sì lo àǹfààní náà. Ẹ̀kọ́ méjì ni mo rí kọ́ níbẹ̀. Gbangba tí kóòdù wà ló jẹ́ kí àṣírí tú. Dídá tí ẹnì kan ń dá gbé ẹrù náà ló sì jẹ́ kí ibi ráyè wọlé. Ilé iṣẹ́ tó bá ń jèrè lára irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ gbọ́dọ̀ máa náwó sí i. Bí SQLite ṣe ń rọ́wọ́ mú nìyẹn: àwọn ilé iṣẹ́ ńlá tó ń lò ó kóra jọ ní ẹgbẹ́ kan tó ń gbọ́ bùkátà rẹ̀.

Ohun tó kàn wá

Ní Nàìjíríà, òfin tó fún aráàlú lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ìwé lọ́wọ́ ìjọba wà láti 2011. Ọdún yẹn náà ni wọ́n dá BudgIT sílẹ̀ ní Èkó, ẹgbẹ́ tó ń sọ ètò ìṣúná di ohun tí mẹ̀kúnnù lè kà. Ní oṣù kejìlá ọdún 2019, ìjọba àpapọ̀ ṣí ìkànnì Open Treasury, níbi tó ti yẹ kí ilé iṣẹ́ ìjọba máa kéde owó tí wọ́n san lójoojúmọ́, bí ó bá ti tó mílíọ̀nù márùn-ún náírà. Nítorí náà, kì í ṣe pé dátà ṣọ̀wọ́n láàárín wa. Èyí tó ṣọ̀wọ́n ni ọwọ́ tí yóò tò ó, tí yóò sì ṣí i sílẹ̀ fún ìbéèrè.

Iṣẹ́ náà kò kọjá agbára ọ̀dọ́ tó ní kọ̀ǹpútà. Fáìlì CSV, ìyẹn àtẹ tí a lè mú jáde láti inú Excel, ni kí ó fi bẹ̀rẹ̀. Irinṣẹ́ sqlite-utils, tí Willison kọ pẹ̀lú, yóò sọ CSV di SQLite. Datasette yóò sì ṣí i sójú ìkànnì. Kí ó tó gbé e síta, kí ó yọ orúkọ, nọ́ńbà fóònù àti àdírẹ́sì ẹni tí ọ̀rọ̀ kò kàn kúrò, nítorí òfin ààbò dátà ọdún 2023 ń dáàbò bo oníkálùkù, ẹ̀rí ọkàn náà sì wà ńbẹ̀. Kí ó kọ ibi tó ti rí dátà náà àti ọjọ́ tó gbà á. Bí ó bá sì kọ irinṣẹ́ tirẹ̀ lójú ọ̀nà, kí ó fún un ní láísẹ́ǹsì, àyẹ̀wò àti ìwé àlàyé. Ó wù mí kí irú ìwé àlàyé bẹ́ẹ̀ wà ní Yorùbá náà.

Ẹ̀yin olùkọ́ kọ̀ǹpútà ní yunifásítì àti pólì wa, ẹ má jẹ́ kí iṣẹ́ àṣekágbá àwọn ọmọ yín máa kú sínú àpótí mọ́. Ẹ ní kí wọ́n gbé e jáde bó ṣe yẹ, kí ẹlòmíì lè gbé e lọ síwájú. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má dúró de ìgbà tí irinṣẹ́ yín yóò pé pérépéré. Ẹ ṣe é kékeré, ẹ ṣe é dáadáa, kí ẹ sì gbé e jáde.